Ṣé abẹ́rẹ́ Ṣáínà lè rọ́pò prednisolone? Ṣé nọ́ọ̀sì inú fóònù ń rí ọgbẹ́ yìí dáadáa?

Ìbéèrè:

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, orí mi ti fẹ́ dàrú. Àbúrò mi obìnrin ní àìsàn Crohn, èyí tó ń mú kí ìfun wú kó sì di egbò, ọdún kẹrin rèé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n gé díẹ̀ kúrò lára ìfun rẹ̀, ibi tí wọ́n rán wá ya nísàlẹ̀, kò tíì pa dé títí di òní. Nọ́ọ̀sì kan ló ń bá a wò ó lórí fídíò lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kò fọwọ́ kàn án rí. Prednisolone ló ń lò, wọ́n sì ti sọ fún un pé oògùn yẹn máa ń fa ọgbẹ́ sẹ́yìn. Ni ẹnì kan bá fi ìwádìí ránṣẹ́ sí i pé acupuncture, abẹ́rẹ́ àwọn ará Ṣáínà yẹn, máa ń mú kí ìfun tó wú rọlẹ̀. Ó ní tó bá di ọjọ́ Ajé òun máa já prednisolone dànù, òun á máa gún abẹ́rẹ́. Ṣé ìwádìí yẹn jóòótọ́? Àti pé nọ́ọ̀sì tó wà nínú fóònù yẹn, ṣé ó ń rí nǹkan kan rárá?

* * *

Kí ẹ tó ka ohunkóhun mìíràn, ẹ pè é báyìí-báyìí kó má já prednisolone. Kì í ṣe pé mo kórìíra abẹ́rẹ́ Ṣáínà o, a máa débẹ̀. Steroid ni prednisolone, irú oògùn tó ń mú kí wíwú ara rọlẹ̀. Ara èèyàn máa ń ṣe steroid tiẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹṣẹ́ kékeré méjì tó jókòó lórí kíndìnrín ló ń ṣe é, tí èèyàn bá ti wá ń gbé ti inú ike mì ju bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, àwọn ẹṣẹ́ yẹn lè ti káwọ́ gbera, wọ́n ti rí ẹni bá wọn ṣiṣẹ́. Tí ẹ bá wá já ti inú ike lójijì, èyí tó ń wọlé ti dáwọ́ dúró, èyí tí ara ń ṣe kò sì tíì padà, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀, òòyì, èébì, èèyàn lè dákú, ó tiẹ̀ lè kú. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yàrá iṣẹ́ abẹ bọ̀ tó tún ní ọgbẹ́ lára, òun gan-an ni ara rẹ̀ ń béèrè fún un jù. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, dókítà tó kọ ọ́ ló máa sọ bó ṣe máa lọ, ọ̀pọ̀ ìgbà mìlígíráàmù 5 ni wọ́n ń yọ lọ́sẹ̀ kan.

Mi ò bá àbúrò yín wí ṣá. Òótọ́ lohun tí wọ́n sọ fún un. Steroid ń pa iná inú ìfun, àmọ́ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín iná tó ń ba ilé jẹ́ àti iná tí wọ́n fi ń dáná, iná díẹ̀ wà tí ọgbẹ́ gbọ́dọ̀ dá kó tó lè bẹ̀rẹ̀ sí í hun ẹran tuntun, steroid á pa ìyẹn náà mọ́ ọn. Torí náà ìbéèrè tó yẹ kó gbé lọ bá dókítà ni pé “báwo la ṣe lè tètè sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí la sì máa fi dì í mú nígbà tá a bá ń sọ̀ ọ́?” Oògùn wà fún ìyẹn, azathioprine wà, infliximab wà, wọ́n ti ń lo infliximab fún Crohn láti 1998.

Ẹ jẹ́ n sọ ibi tí mo dúró sí kí ẹ lè mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀: nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú egbò ni mí, mo ti lo ọdún díẹ̀ báyìí tí mò ń wo egbò lórí fóònù. Nítorí náà ìdajì ìbéèrè yìí, èmi gan-an lẹjọ́ ń bẹ lọ́rùn rẹ̀.

* * *

Ó dáa, ìwádìí. Mo mọ èyí tí wọ́n máa ń pín kiri.

Ní 2004 àwọn kan ní Jámánì kó èèyàn 51 tí Crohn wọn ń jà níwọ̀nba, wọ́n pín wọn sọ́nà méjì bí ẹni ń ṣẹ́ kèké. Apá kan gba abẹ́rẹ́ gidi pẹ̀lú moxibustion, ìyẹn ewé gbígbẹ kan tí wọ́n máa ń jó lẹ́bàá awọ ara kí ooru rẹ̀ lè wọlé. Apá kejì, wọ́n kàn gún wọn lórèlórè síbi tí kì í ṣe ojú abẹ́rẹ́. Ìgbà mẹ́wàá láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Wọ́n ní máàkì kan tí wọ́n fi ń wọn bí Crohn ṣe ń jà tó, CDAI lorúkọ rẹ̀, tó bá ti wà lábẹ́ 150 wọ́n á ní àìsàn náà ti rọlẹ̀. Àwọn abẹ́rẹ́ gidi bọ́ láti 250 sí 163. Àwọn abẹ́rẹ́ ẹ̀tàn bọ́ láti 220 sí 181.

Ẹ wo nọ́ńbà yẹn dáadáa kí ẹ tó pariwo. Àwọn tí wọ́n gún gidi wálẹ̀ ju ti ẹ̀tàn lọ, kò sí àríyànjiyàn ńbẹ̀. Àmọ́ àwọn ẹ̀tàn náà wálẹ̀. Àwọn gidi ló sì ga jù níbẹ̀rẹ̀, ẹni tó wà lókè ló láyè láti sọ̀ kalẹ̀. Kókó ibẹ̀ wá ni pé 163 kò tíì dé 150, táa bá kó gbogbo wọn pọ̀ ká pín in dọ́gba, wọn ò tíì bọ́ sábẹ́ ìlà. Àti pé ohun tó pọ̀ jù nínú máàkì CDAI ni ohun tí aláìsàn fẹnu ara rẹ̀ sọ: ẹ̀ẹ̀melòó lo ya ìgbẹ́ olómi, báwo ni inú ṣe ń run ọ́ tó, báwo ni ara ṣe rí lọ́sẹ̀ yìí. Ẹni tí wọ́n tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, tí ẹnì kan fara balẹ̀ bá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá lóṣù kan, ara rẹ̀ á fúyẹ́ kí wọ́n tó gún un pàápàá.

Àwọn ará Jámánì yẹn náà ló ṣe ti ulcerative colitis, àìsàn ìfun mìíràn tó jọ Crohn, ní 2006, èèyàn 29 péré. Bákan náà ló rí: máàkì ti gidi sọ̀ ju ti ẹ̀tàn, àmọ́ tó bá kan bí ayé ṣe rí lára aláìsàn, ẹgbẹ́ méjèèjì ló sàn fún.

Èyí tó lágbára jù tí mo mọ̀ ni ti Shanghai ní 2022, èèyàn 66 tí Crohn wọn kò le jù àmọ́ tí oògùn kò ká a, abẹ́rẹ́ àti moxibustion lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 12, wọ́n sì tẹ̀ lé wọn títí di ọ̀sẹ̀ 48. Àwọn tí àìsàn wọn rọlẹ̀ nínú abẹ́rẹ́ gidi pọ̀ ju ti ẹ̀tàn lọ dáadáa. Mi ò fojú kéré ìyẹn. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, ìyẹn ń lọ sí ìgbà 36. Ta ni nínú àwọn tó ń pín ìwádìí yìí kiri ló sọ ìyẹn fún àbúrò yín? Ìgbà mẹ́ta péré lẹni tó ní ọwọ́ abẹ́rẹ́ máa gún un, á ní ó ti parí.

* * *

Mo ti rí i pé ẹ ti pín sọ́nà méjì lábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan ní “inú orí lásán ni gbogbo ẹ̀”, àwọn kan ní “àwọn olóògùn ni kò fẹ́ ká mọ̀”. Mi ò bá ẹnì kankan nínú yín lọ.

Ẹ̀yin inú orí lásán, ẹ rọra. Láti bí 2000 ni wọ́n ti ń fi hàn lára eku pé iṣan vagus, ìyẹn iṣan gígùn tó tinú ọpọlọ sọ̀ kalẹ̀ dé inú ikùn, lè sọ fún àwọn ọmọ ogun ara pé ó tó gẹ́ẹ́. Dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Kevin Tracey, ló gbé e jáde sí gbangba. Nígbà tó di 2021 àwọn ará yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà fi iná mànàmáná kékeré gba inú abẹ́rẹ́ sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn eku, níbi tí àwọn Ṣáínà ń pè ní ST36, nísàlẹ̀ orúnkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúgun, iná yẹn gba iṣan kan pàtó dé vagus, vagus sọ fún ẹṣẹ́ orí kíndìnrín, wíwú ara eku náà sì wálẹ̀. Wọ́n yọ irú iṣan yẹn kúrò lára àwọn eku kan, wọ́n gún wọn, nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Eku ò mọ ohun tí ìgbàgbọ́ ń jẹ́.

Ẹ̀yin àwọn olóògùn ń bò ó, ẹ gbọ́ tiyín náà. Àwọn ará Harvard kan náà, ní 2020, gún ojú ikùn eku pẹ̀lú iná tó le. Àwọn tí wọ́n gún kí àìsàn tó bẹ̀rẹ̀, wíwú dín kù. Àwọn tí wọ́n gún lẹ́yìn tí àìsàn ti gbilẹ̀, wíwú PỌ̀ SÍ I. Ojú kan náà, iná kan náà, àsìkò ló yàtọ̀. Ẹ wá sọ fún mi ẹni tó dá a lójú àsìkò tí àbúrò oníbèéèrè wà yìí. Eku ni ṣá, májèlé ni wọ́n sì fún wọn, kì í ṣe Crohn, mi ò ní sọ pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa rí lára èèyàn. Mo kàn fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé “kò lè pa ẹnikẹ́ni lára” dákẹ́ díẹ̀.

Ẹni tó béèrè bí wọ́n ṣe ń fi abẹ́rẹ́ tan èèyàn: láti 1998 ni dókítà kan ní Jámánì, Streitberger, ti ṣe abẹ́rẹ́ kan tí ẹnu rẹ̀ kò mú, tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ á wọnú ìdí ara rẹ̀ bí ọ̀bẹ àwọn onítíátà, aláìsàn á rí i bíi pé ó wọlé, á tiẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tó ń gún un ni wọn ò lè tàn, òun mọ èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni ìwádìí abẹ́rẹ́ ti máa ń jò.

* * *

Ẹ jẹ́ n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀. Ẹni tó ní abẹ́rẹ́ wo “ìfun òun” sàn lọ́sẹ̀ méjì, ẹ bi í orúkọ tí wọ́n pe àìsàn rẹ̀. IBS ni àbí IBD? Lẹ́tà kan ló yà wọ́n, àmọ́ ọ̀nà wọn jìn síra. IBS, inú á máa run, á máa wú bíi bàlúùnù, ìgbẹ́ á máa ṣe ségesège, àmọ́ tí wọ́n bá fi kámẹ́rà wo inú ìfun ó ń dán. IBD ni Crohn àti ulcerative colitis, ìfun gan-an ló ti di egbò, ẹ̀jẹ̀ ń bọ̀, èèyàn ń rù, ibòmíì lè lu. Àyẹ̀wò ìgbẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní calprotectin tó sábà máa ń fi ìyàtọ̀ hàn. Kò sí ohun tó burú nínú kí IBS èèyàn fúyẹ́ pẹ̀lú abẹ́rẹ́, àmọ́ kẹ́ni náà má wá di agbẹnusọ fún ẹni tí wọ́n gé ìfun rẹ̀.

* * *

Ẹ jẹ́ n padà sórí fóònù, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti dùn mí jù.

Ìwádìí ńlá méjì ló wà tí gbogbo èèyàn ń tọ́ka sí, egbò ẹsẹ̀ àwọn onítọ̀ọ́ ṣúgà ni méjèèjì. Norway 2018, èèyàn 182, àwọn tí wọ́n ń wo egbò wọn láti òkèèrè jinná bíi ti àwọn tó ń lọ ọsibítù, àwọn tí wọ́n gé ẹsẹ̀ wọn tiẹ̀ kéré. Denmark 2015, èèyàn 374, jíjinná dọ́gba, gígé ẹsẹ̀ dọ́gba, àmọ́ èèyàn mẹ́jọ kú nínú àwọn tí wọ́n ń wò láti òkèèrè, ẹyọ kan péré ló kú nínú àwọn tó ń lọ ọsibítù. Àwọn tó ṣe é gan-an ò rí àlàyé ṣe, kò sẹ́ni tó lè ní fóònù ló pa wọ́n, àmọ́ mi ò lè kà á kí n má ro ó.

Nǹkan tí wọn kì í sọ tí wọ́n bá ń fi ìwádìí yẹn polówó rèé o: nínú méjèèjì, nọ́ọ̀sì kan WÀ nídìí egbò. Òun ló tú báńdéèjì, òun ló wẹ̀ ẹ́, òun ló ya fọ́tò, òun ló ń bá àwọn àgbà tó wà lọ́sibítù sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Àwọn ará Denmark tiẹ̀ ń lọ ọsibítù lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́ta. Nọ́ọ̀sì àti àwọn àgbà ni fóònù wà láàárín wọn. Èyí tí wọ́n ń ṣe fún àbúrò yín, aláìsàn àti nọ́ọ̀sì ló wà láàárín wọn, kò sí ọwọ́ kankan lára ọgbẹ́ àfi ọwọ́ ẹni tó ni ín, tó dùbúlẹ̀, tí kò lè rí ìsàlẹ̀ ikùn ara rẹ̀ dáadáa. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń pe méjèèjì.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń bá àwọn ọ̀gá wa jà. Ibi iṣẹ́ kan tí mo ti ṣe rí, wọ́n ní kí n máa wo èèyàn mẹ́rìnlélógún lójúmọ́ lórí fóònù. Bàbá kan wà nínú wọn, egbò wà ní ojúgun rẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ló máa ń ya fọ́tò rẹ̀ lábẹ́ gílóòbù tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, gbogbo ẹran rẹ̀ ń rí bíi pé ó lẹ́jẹ̀ dáadáa, pupa rẹ́rẹ́, mo ń kọ “ó ń sàn” sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọjọ́ tó wá fúnra rẹ̀, kó tó jókòó ni òórùn ti kọ́kọ́ wọlé. Mo tú u, ìyeyè ni gbogbo ojú rẹ̀, ẹran kíkú bo ibi tí mo pè ní pupa. Gílóòbù ló kun ún fún mi. Látìgbà yẹn tí fọ́tò kò bá ní bébà funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ egbò, mi ò ní sọ nǹkan kan nípa àwọ̀.

Awọ dúdú tún ní tiẹ̀. Ìwé tó kọ́ wa ní ká máa wá pupa yí egbò ká. Lára awọ tó dúdú, pupa yẹn kì í hàn bẹ́ẹ̀, á kàn ṣókùnkùn sí i tàbí kó dà bí àwọ̀ elésèé àlùkò, awọ á máa dán, á le bí ìlù. Kámẹ́rà ò rí gbogbo ìyẹn. Ẹ̀yìn ọwọ́ ló ń rí i. Mo máa ń sọ fún ẹni tó wà nílé pé kó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ egbò, kó tún fi kan òdìkejì ara, kó sọ èyí tó gbóná jù fún mi.

* * *

Oníbèéèrè tún kọ:

Ẹ ṣeun gan-an, ó ti gbà, kò ní já a lọ́jọ́ Ajé. Àmọ́ ó ní ṣé òun ò lè máa gún abẹ́rẹ́ náà pẹ̀lú oògùn ni? Ó ti bá ẹnì kan tó ń gún un sọ̀rọ̀. Mo fi ọgbẹ́ náà ránṣẹ́ sí yín nínú àpótí, ẹ wò ó.

* * *

Mo ti wò ó. Sẹ̀ǹtímítà méjì sí ọ̀kan ni mo rí, ojú rẹ̀ pupa, kò sí èyí tó dẹ́rù bà mí. Ẹ tún fi ti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sẹ́yìn ránṣẹ́, iye kan náà. Ìyẹn ló ń kọ mí lóminú. Ọgbẹ́ tí ojú rẹ̀ dáa tó báyìí tí kò sì kéré sí i lóṣù kan, ohun kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí fọ́tò kò rí. Steroid lè fa á sẹ́yìn lóòótọ́, àmọ́ á ṣì máa rìn, kò ní dúró gbagidi bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ rí ẹni tó máa fi nǹkan mímọ́ wọn jíjìn rẹ̀, ní ọsibítù o, kì í ṣe nílé, kí ẹnikẹ́ni má ki nǹkan kan bọ̀ ọ́, ikùn tí wọ́n ti gé ìfun inú rẹ̀ ni.

Ẹ tún béèrè ohun kan níbẹ̀. Egbò kan wà tó máa ń bá Crohn àti ulcerative colitis rìn, pyoderma gangrenosum. Á bẹ̀rẹ̀ bíi kókó tàbí bí eéwo, á bẹ́, etí rẹ̀ á ṣókùnkùn, á máa dùn wọra-wọra ju bó ṣe tóbi lọ. Ojúgun ló fẹ́ràn jù, àmọ́ ó lè yọ lójú ibi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ. Mo ti wo obìnrin kan tó ní in, ẹni tó kọ́kọ́ rí i ní kòkòrò ló wọ̀ ọ́, ó há ẹran rẹ̀ kúrò, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e egbò ti di ìlọ́po méjì, ó tún há a, ó tún fẹ̀. Nígbà tó fi dé ọ̀dọ̀ mi, ojú ibi tí wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ lápá rẹ̀ pàápàá ti ń yọ kókó. Bí àìsàn yẹn ṣe rí nìyẹn, ibi tí nǹkan mímú bá ti kàn án ló ti máa ń yọ. Ohun tó sì wò ó sàn nígbẹ̀yìn ni steroid. Àbí ẹ rí i? Egbò kan fẹ́ kí wọ́n dín steroid kù, èkejì kò lè jinná láìsí i, nínú fọ́tò wọ́n lè jọra bí ìbejì.

Ẹ wá rántí ibi tí ST36 wà. Ojúgun.

Torí náà ìdáhùn mi sí “ṣé òun ò lè gún un pẹ̀lú oògùn” ni pé ó lè ṣe é tó bá yá, tí dókítà rẹ̀ bá mọ̀ nípa rẹ̀, tí ẹni tó mọ egbò bá ti wo ọgbẹ́ yẹn tó ní kì í ṣe pyoderma. Kó bi ẹni tó fẹ́ gún un bóyá abẹ́rẹ́ àlòdànù ni, tí kò bá ṣí i látinú bébà níṣojú rẹ̀ kó dìde. Kó sọ gbogbo oògùn tó ń lò fún un, pàápàá èyí tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn àti èyí tó ń rẹ àwọn ọmọ ogun ara sílẹ̀, torí ihò abẹ́rẹ́ tí kì í ṣe nǹkan kan lára ẹlòmíì lè gba kòkòrò sílé lára rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ gún ikùn rárá nígbà tí ọgbẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Moxibustion ńkọ́? Rárá o. Iná ni. Ìpara tí wọ́n fi ń pa awọ ẹ̀gbẹ́ ọgbẹ́, ọ̀pọ̀ wọn ní páráfínnì nínú, tó bá ti mu sínú báńdéèjì ó ń gba iná bí àtùpà. Ẹni tó bá sì sọ pé kó dín prednisolone kù kí abẹ́rẹ́ lè ṣiṣẹ́, kó má padà síbẹ̀ mọ́.

Tí omi tó ń jáde lójú ọgbẹ́ bá dà bí ìgbẹ́, ní àwọ̀ tàbí lóòórùn, tàbí tí afẹ́fẹ́ bá ń hó jáde níbẹ̀, ẹ má dúró de fídíò, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ, ìfun ló ti lu síta. Ẹ má ní kò tíì ní ibà, prednisolone máa ń bo ibà mọ́lẹ̀.

* * *

Oníbèéèrè tún kọ:

A lọ lọ́jọ́bọ̀. Wọ́n ki irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ̀ ọ́, ó wọlé tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta àbọ̀ sísàlẹ̀, àwa ò mọ̀ rárá. Dókítà fi ẹ̀mú fa okùn búlúù kékeré kan jáde, ó ní lára okùn tí àwọn fi rán an ni. Ó ní kì í ṣe pyoderma. Wọ́n ti sọ prednisolone kalẹ̀ láti 20 sí 15. Ó ní òun ò rántí abẹ́rẹ́ mọ́ ná, tí ọgbẹ́ náà bá ti pa dé, òun á tún ro ó. Nọ́ọ̀sì inú fóònù ṣì máa máa wò ó, àmọ́ nọ́ọ̀sì kan á máa wá sílé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹ kọ́ wa bá a ṣe máa ya fọ́tò náà.

* * *

Okùn! Oṣù kan gbáko tó fi jókòó síbẹ̀ tí gbogbo wa ń bá prednisolone jà. Mo yọ̀ o.

Fọ́tò ní tiẹ̀, ẹ wẹ̀ ẹ́ tán kí ẹ tó yà á, ẹ má ya èyí tí ẹ̀jẹ̀ àti ìpara ṣì wà lójú rẹ̀. Ẹ lọ sẹ́bàá fèrèsé lọ́sàn-án, ẹ pa iná fóònù, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa ń sọ ibi tó tutù di funfun. Ẹ fi rúlà àti bébà funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kọ déètì sórí bébà náà. Ẹ gbé fóònù sókè gbọọrọ, kó má dagun, tó bá dagun ọgbẹ́ á kúrú nínú fọ́tò, ẹ máa rò pé ó ń jinná. Ẹ ya méjì, ọ̀kan tó súnmọ́, ọ̀kan láti òkèèrè kí ikùn hàn. Ẹ ya báńdéèjì tí ẹ tú náà, ohun tó mu sára rẹ̀ lè sọ fún nọ́ọ̀sì ju ojú ọgbẹ́ lọ nígbà míì.

Nọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ nílé ni kó máa wọn ihò yẹn, ẹ má wọ̀n ọ́n fúnra yín. Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ẹ ní kó kọ nọ́ńbà náà àti ibi tó kọjú sí sórí bébà kan náà, bíi pé aago lójú ọgbẹ́, orí aláìsàn ni aago méjìlá. Tiyín yìí, bí ẹ ṣe ní sísàlẹ̀ ló lọ, aago mẹ́fà ni: aago mẹ́fà, mẹ́ta àbọ̀. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ẹ sọ iye tó kù fún mi.